Jẹjẹrẹ tó ń rìn nínú ẹbí: ìbéèrè àwọn ará Èkó àti ìdáhùn wa

Ẹni tí jẹjẹrẹ ti mú ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá rẹ̀, tó wá ń rò ó lóru pé ṣé òun ló kàn, la kọ èyí fún. A tún kọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ máa là á yé àwọn èèyàn lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní àsàlátù. Kò gba ipò dókítà yín. Ẹ mú un dání lọ bá a.

Ṣé jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń jogún?

Rárá o. Jíìnì tó ní àléébù ni wọ́n ń jogún. Jíìnì ni ìtọ́ni tó wà nínú DNA sẹ́ẹ̀lì wa, tó ń sọ bí ara ṣe máa ṣiṣẹ́. Méjì-méjì ni jíìnì wà lára wa, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Iṣẹ́ BRCA1 àti BRCA2, tí orúkọ wọn ń jáde jù, ni láti tún DNA ṣe nígbà tó bá já. Ẹni tó jogún ọ̀kan tí kò ṣiṣẹ́ ṣì ní èkejì tó ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ á sì le. Ọjọ́ tí èkejì yẹn bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan lọ́mú tàbí nílé ẹyin, kò sí alátùn-únṣe mọ́, àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ irú ẹbí bẹ́ẹ̀ fi máa ń tètè dé, kí obìnrin tó pé 50, nígbà míì kó tó pé 40.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jogún rẹ̀ ni àìsàn náà máa mú. Nínú obìnrin 100 tó ní àléébù BRCA1, bíi 55 sí 72 ni jẹjẹrẹ ọmú lè mú kí wọ́n tó darúgbó. Fún BRCA2, bíi 45 sí 69. Ti ilé ẹyin kéré sí i: bíi 39 sí 44 fún BRCA1, 11 sí 17 fún BRCA2.

Ṣé kì í ṣe àrùn àwọn òyìnbó ni?

Nígbà tí Angelina Jolie, òṣèré fíìmù ní Amẹ́ríkà, sọ ní 2013 pé òun ní àléébù BRCA1, òun sì ti ní kí wọ́n gé ọmú òun méjèèjì, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ará Hollywood ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2018, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, dókítà jẹjẹrẹ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó darí rẹ̀, obìnrin wa ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò ní Ìbàdàn. Ìdá 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jogún àléébù nínú ọ̀kan lára àwọn jíìnì tó ń fa jẹjẹrẹ ọmú: BRCA1 kó 7.0, BRCA2 kó 4.1, PALB2 kó 1.0, TP53 kó 0.4. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ míì, 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń dá. Ẹni tó bá tún sọ fún yín pé kò sí nílẹ̀ wa, ẹ ka iye yẹn fún un.

Genotype mi AA ni. Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ mi mọ́?

Kò fi hàn. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. AA lè ní àléébù BRCA, SS lè má ní. Kí ọmọ tó jẹ́ SS, ó gbọ́dọ̀ gba S lọ́wọ́ ìyá, kó tún gba S lọ́wọ́ bàbá. Èyí tí à ń sọ yìí kì í dúró de ẹnì kejì: ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó láti gbé ewu náà ga.

Ìdílé bàbá mi ló wà, ọmú ló sì mú. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín. Ibí gan-an ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Nítorí pé ọmú ni, àwọn èèyàn, títí kan àwọn dókítà kan, máa ń béèrè nípa ìyá nìkan. Bàbá tí ara rẹ̀ le koko lè gba jíìnì náà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, kó má ṣàìsàn kankan, kó sì gbé e fún ọmọbìnrin rẹ̀. Bí ẹni ń ju kọ́bọ̀ sókè ni: wọ́n ń jù ú lọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin, ìdajì ló sì máa ń já sí ibi tí a ò fẹ́. Ẹni tí kò bá gbà á kò ní nǹkan tó máa gbé fún ọmọ. Kì í fo ìran kan kó tún padà wá.

Ní ilé olórogún, ẹ wo ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá, gbogbo ọbàkan yín ló wà nínú rẹ̀, láti ọmọ ìyáálé dé ọmọ ìyàwó ìkẹyìn, àti ọmọ tí bàbá bí síta tí ẹnì kan kì í fẹ́ dárúkọ. Bó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá, iyèkan ló kàn, títí kan àwọn tí ìyá bí fún ọkọ míì. Àwọn ọmọ orogún ìyá yín kò sí nínú ìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ti ẹbí wa jọ èyí tó ń rìn nínú ìran?

Ìyá àgbà kan ṣoṣo tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní ẹni 74 ọdún, tí ẹlòmíì ò ní, kò tó ohun tí ẹ ó tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun. Ohun tó yẹ kó gbé yín lọ bá dókítà ni jẹjẹrẹ ọmú tó mú ẹnì kan kó tó kọjá 50. Èyí tó mú ọmú méjèèjì. Irú tí rípọ́ọ̀tù rẹ̀ kọ "triple negative". Jẹjẹrẹ ọmú lára ọkùnrin, bó ti wù kó dàgbà tó. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin tàbí ti pancreas (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù), ẹnì kan péré náà tó. Jẹjẹrẹ pírósítéètì tó ti ràn dé egungun. Tàbí èèyàn mẹ́ta ní apá ìdílé kan náà.

Bó bá jẹ́ ìfun ńlá tàbí ilé ọmọ ló ń mú wọn kí wọ́n tó pé 50, ẹ̀ka míì nìyẹn, Lynch ni wọ́n ń pè é. Jíìnì tirẹ̀ ni MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2. Ẹni tó bá ní i máa ń ṣe colonoscopy, ìyẹn fífi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá, ní ọdún kan sí méjì síra, láti nǹkan bí ọdún 20 sí 25 fún MLH1 àti MSH2; ti MSH6 àti PMS2 lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "jẹ̀díjẹ̀dí ni" lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sílé nígbà tó bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ohun tó pa ìyá àgbà. Báwo la ṣe máa kọ ìtàn ẹbí?

Ẹ wá bébà ńlá kan, ẹ fi ìran mẹ́ta sí i: àwọn òbí àgbà lókè, àwọn òbí yín àti gbogbo ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá wọn láàárín, ẹ̀yin, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín nísàlẹ̀. Obìnrin jẹ́ òbìrìkítí, ọkùnrin jẹ́ igun mẹ́rin. Ẹ fi ìdílé bàbá sí apá òsì, ti ìyá sí apá ọ̀tún, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀ báyìí tàbí ìgbà tó kú, ibi tí jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, àti ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i. Àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá náà ṣe pàtàkì. Ẹ kọ wọ́n sí i.

Ọ̀pọ̀ àgbà ò mọ ọjọ́ ìbí. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀n ọ́n: ṣé ó ti bí àbígbẹ̀yìn nígbà yẹn? Ṣé ó ṣì ń rí nǹkan oṣù? Ṣé ṣáájú June 12 ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Bí wọ́n bá ní "ẹ̀gbọ́n mi ni," ẹ béèrè ta ló bí i. Ó lè jẹ́ ọmọ ará àdúgbò.

Wọn kì í sábà pe jẹjẹrẹ lórúkọ. "Ó ní egbò lọ́mú tí kò jinná" àti "wọ́n ta á lọ́fà lọ́mú" sábà máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ ọmú. "Inú rẹ̀ wú bí aláboyún, wọ́n ń fa omi níbẹ̀" lè jẹ́ ilé ẹyin, ó sì lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, torí náà ẹ béèrè bóyá ojú rẹ̀ di yẹ́lò. "Kò lè tọ̀, ìbàdí ń ro ó" lára bàbá tó ti dàgbà, ẹ rántí pírósítéètì. Bí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ egungun tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹ béèrè ohun tó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí ibi tó ràn dé làwọn èèyàn máa ń rántí.

Ẹ má bi wọ́n lójú agbo, pàápàá níbi òkú. Ẹ lọ bá ẹni tó tọ́jú aláìsàn náà gan-an, lọ́sàn-án tó bá dá wà, ẹ kí i bó ṣe yẹ, kí ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ màámi, dókítà ló ní kí n béèrè, nítorí àwọn ọmọ." Àgbà tó ti ní òun ò rántí nǹkan kan máa ń rántí tó bá gbọ́ pé nítorí àwọn ọmọ ni. Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè àpò náílọ́ọ̀nù tí wọ́n kó káàdì àti ìwé ọsibítù sí. Ìwé tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni rípọ́ọ̀tù histology, ìyẹn èsì àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé lára aláìsàn. Ẹ fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò jíìnì?

Ẹni tí jẹjẹrẹ ti mú, bó bá wà láàyè, kì í ṣe ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ le. Bí ọmọ bá kọ́kọ́ ṣe é tí wọn ò rí nǹkan, ẹ ò ní mọ̀ bóyá kò jogún rẹ̀ ni, àbí nǹkan tó wà nínú ẹbí yẹn ni àyẹ̀wò ò lè rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí àléébù náà lára ìyá, ibì kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n máa wò lára àwọn ọmọ, owó rẹ̀ máa ń dín, "kò sí" á sì jẹ́ kò sí tòótọ́. Bí ó bá ti ń rẹ aláìsàn náà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ sí láàbù tó ń tọ́jú DNA.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, níbo la sì ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kíníìkì àwọn dókítà jẹjẹrẹ tàbí ti oníṣẹ́ abẹ ọmú ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí NSIA-LUTH Cancer Centre ti ṣí ní 2019, tàbí ní LASUTH ní Ìkẹjà. Ẹ mú bébà ìtàn ẹbí yẹn àti rípọ́ọ̀tù dání. Láìsí wọn, ìpàdé àkọ́kọ́ á lọ lórí ìbéèrè.

Ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ni wọ́n ń gbà. Bó bá jẹ́ itọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹun, mu omi, jẹ obì tàbí mu sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Bíi mílílítà 2 ni wọ́n nílò, ìfófòó kò sí lára rẹ̀. Itọ́ tó kéré jù tàbí tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀ ni ó ń mú kí láàbù dá a padà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan á sì ti ṣòfò. Ẹni tí wọ́n ti gbé mùdùnmúdùn inú egungun ẹlòmíì sí lára gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí DNA ẹni tó fún un ló máa jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Awọ ara ni wọ́n á lò fún un.

Ọ̀pọ̀ láàbù ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sókè òkun, nítorí náà owó rẹ̀ ń bá dọ́là lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: jíìnì mélòó lẹ máa wò? Ṣé ẹ máa kà á látòkè délẹ̀, kí ẹ sì tún wá ibi tó já dànù tàbí tó di ìlọ́po? Ta ló máa jókòó ṣàlàyé èsì fún mi? Láàbù tó bá ní àwọn á fi èsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà fi ohun èlò àyẹ̀wò itọ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kò sí BRCA. Ṣé mo ti bọ́?

Ẹ má tíì yọ̀. Irú àwọn ohun èlò tí wọ́n ń tà fún ará ilé bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ibi kéréje ni wọ́n ń wò. Fún ọdún púpọ̀, ẹyọ mẹ́ta péré ni ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ń wò, àwọn mẹ́ta tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Júù Ashkenazi, ìyẹn àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi ni àléébù ti lè wà nínú BRCA1 àti BRCA2. Kíkà látòkè délẹ̀ ní láàbù ìṣègùn ni kí ẹ bá lọ.

Kí ni ìtumọ̀ èsì mi?

"Pathogenic" tàbí "likely pathogenic": àléébù wà níbẹ̀, ẹ máa gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí. "Negative": bí wọ́n bá ti mọ ti ẹbí yín, ewu yín padà sí bíi ti gbogbo obìnrin, bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ìtàn ẹbí ṣì ni dókítà máa tẹ̀ lé.

Èyí tó ń da orí rú ni "VUS": wọ́n rí ìyàtọ̀ kan, wọn ò tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣèpalára. Àwa aláwọ̀ dúdú ń rí i ju àwọn mìíràn lọ, kì í ṣe pé jíìnì wa bàjẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé ló kún fún ti òyìnbó. Bí wọ́n bá wá mọ ìdí rẹ̀ nígbà tó yá, púpọ̀ jù lọ ló máa ń já sí pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ọmú tàbí yọ ilé ẹyin nítorí VUS. Ẹ padà lọ béèrè lẹ́yìn ọdún kan sí méjì.

Wọ́n rí i lára mi, ara mi sì le. Kí ni kí n ṣe?

Fún obìnrin tó ní BRCA: láti ọdún 18, ẹ mọ bí ọmú yín ṣe rí. Láti 25, kí dókítà máa fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù 6 sí 12 síra, kí ẹ sì máa ṣe MRI ọmú (ẹ̀rọ olóòfà tó ń ya àwòrán inú ara) lọ́dọọdún. Láti 30, ẹ fi mammogram, ìyẹn X-ray ọmú, kún un lọ́dọọdún. Wọ́n ń fi MRI ṣáájú nítorí ọmú ọ̀dọ́ kì, mammogram kì í ríran nínú rẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ mammogram, ẹ má fi páúdà tàbí roll-on sí abíyá. Wóró-wóró rẹ̀ máa ń hàn bí àrùn. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé nǹkan oṣù, kí ó má dùn yín jù. Ti MRI, nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 15 lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ ló dára jù; wọ́n máa fún yín lábẹ́rẹ́ gadolinium, tó ń mú kí àwòrán hàn dáadáa, nítorí náà wọ́n lè ní kí ẹ yẹ kíndìnrín wò. Ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀, yẹtí, píìnì irun àti wíìgì tó ní irin. Kí ẹni tó ń ti Ìsàlẹ̀ Èkó bọ̀ tó dá ara rẹ̀ sínú gosiló Third Mainland, kó pe ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa kó fíìmù ọdún tó kọjá dání; ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni dókítà ń wá.

Ilé ẹyin kò ní irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀. CA-125, tó jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti sikáànì kò tíì fi hàn pé wọ́n ń gba ẹ̀mí là, ẹ má ṣe fi wọ́n tu ara yín nínú. Ohun tí wọ́n máa ń gbà wá nímọ̀ràn ni yíyọ ilé ẹyin pẹ̀lú ọ̀pá ẹyin lẹ́yìn tí ẹ bá ti bímọ tán: láàárín 35 sí 40 fún BRCA1, 40 sí 45 fún BRCA2. Kí oníṣẹ́ abẹ sọ fún láàbù pé kí wọ́n gé ọ̀pá náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dé ìkángun, torí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ kékeré máa ń fara pamọ́ sí. Nǹkan oṣù á dúró lójijì, ooru á máa mú yín, egungun á máa di ẹlẹgẹ́. Ẹ bá dókítà sọ ọ̀rọ̀ yẹn kí wọ́n tó ṣe é. Gígé ọmú méjèèjì ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù ní nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá yàn láti máa ṣọ́ ọ kò ya òmùgọ̀.

Àwọn ọkùnrin tó ní i, pàápàá BRCA2: kí wọ́n máa fọwọ́ wo àyà wọn láti 35, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí pírósítéètì, ní 40.

Ṣé dandan ni kí n sọ fún àwọn àna mi?

Ẹni tí ẹ jọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn: ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, òbí, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ wọn. Ẹ bẹ dókítà kó kọ lẹ́tà ojú ìwé kan tó ní orúkọ jíìnì àti àléébù náà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú èsì, kí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹ má fi sórí WhatsApp ẹbí. Ọ̀la ló máa dé etí àwọn tí ẹ ò rán an sí. Ọkọ tàbí àfẹ́sọ́nà yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ọmọ tó dé. Ní ti àna, ẹ̀yin lẹ mọ ilé tí ẹ fẹ́ sí.

Wọ́n ní èpè ìdílé ni, ká lọ fọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Ìṣòro ibẹ̀ ni oṣù tó ń lọ lórí àgbo àti ìwẹ̀, nígbà tí kókó tó tóbi bí ẹ̀pà ń di egbò. Bí ẹ bá ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má bá a jiyàn nípa ẹni tó ṣẹ́ èpè. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe àyẹ̀wò pẹ̀lú àdúrà rẹ̀, kí ẹ sì bá a dá ọjọ́.

A fẹ́ lọ ṣe ìlanilọ́yẹ̀ lọ́jà. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí ìyálọ́jà, ní Balógun, Òyìngbò tàbí Ojúwòyè, ẹ mú ìwé tí ẹ fẹ́ sọ dání, kí ẹ béèrè ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ má dé láàárín ọ̀sán tí ọjà ń gbóná. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ má gbé àwòrán ọmú tó ti jẹrà jáde: ẹni tó ti ní kókó á tún fi aṣọ bò ó sí i. Ẹ gbé bébà ìtàn ẹbí jáde, ẹ ya ọ̀kan níwájú wọn, kí ẹ béèrè ta ló yẹ kó lọ rí dókítà nínú rẹ̀. Ìyá alásọ kan á fa ti ẹbí tirẹ̀ yọ kí ẹ tó tán.

Bí ẹ bá máa yẹ ọmú wò, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú yàrá tó ní ìlẹ̀kùn, nọ́ọ̀sì obìnrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, fóònù ò gbọ́dọ̀ wọlé. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ kíníìkì tí ẹni tí ẹ bá rí kókó lára rẹ̀ ń lọ, ọjọ́ tó ń ṣí, àti ẹni tó máa bá a lọ. Yíyẹ̀ ẹ́ wò láìsí ibi tí ó máa gbà lọ, ìbẹ̀rù lásán lẹ dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ. Ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ohun tí òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 dáàbò bò jù.

Ẹ ya Oṣù Kẹwàá sílẹ̀ fún àwọn tó ń wọ aṣọ pínkì kiri. Ẹ lọ ní Oṣù Kẹta, wọ́n á ráyè gbọ́ yín. Kí ẹ sì wọ gáréèjì náà. Àwọn awakọ̀ ló ń gbé jíìnì yìí fún ọmọbìnrin wọn láìmọ̀.

Ṣé ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ náà wà nínú rẹ̀?

Kòkòrò HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyẹn, kì í ṣe ìran. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Èkó wà lára ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2023.

Ọmọ mi ṣì kéré. Ṣé kí n yẹ jíìnì rẹ̀ wò?

Fún BRCA, ẹ dúró títí yóò fi pé 18, kó fẹnu ara rẹ̀ yàn án. Kò sí ohun tí wọ́n máa ṣe fún un kó tó dàgbà. Ti APC, tó ń mú kí ìfun ńlá hu kókó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, yàtọ̀: ìyẹn, láti nǹkan bí ọdún 10 sí 12 ni wọ́n ti ń wo inú ìfun. Ti RB1, tó ń fa jẹjẹrẹ ojú, láti ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n bá ti ní i rí. Ẹ wo fọ́tò tí ẹ fi flash yà: bí ẹyinjú kan bá pọ́n tí èkejì sì ń tàn funfun bíi ti ológbò, tàbí tí ojú ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ẹ sì fi fọ́tò náà hàn án.